Ìṣápá Inú Igbá

"Yéè! Ìyá àgbà, ẹ wá wò ó!"

Rachidatou dìde gìrì nídìí igbá. Ìṣápá pupa tó rẹ sínú omi ti tú, ṣùgbọ́n dípò kí omi náà pọ́n, ńṣe ló di àwọ̀ ewé tó ṣú, bí omi tí wọ́n fi fọ ewúro. Ìyá àgbà yọjú láti ìdí ààrò.

"N ò rí irú èyí rí, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé."

Ọ̀la gan-an ni Madámù Léontine Ìjádé ń bọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Ìfọ̀nyìn. Ọmọ Daagbé ni, àmọ́ Àjàṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń wádìí ohun tó wà nínú ewéko tí à ń jẹ: ohun tó mú ata ta, ohun tó mú epo pọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wù ú jù ni yóò mú lọ sí ilé ìwádìí rẹ̀ nígbà ìsinmi. Kò sí ohun tó wu Rachidatou tó bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ló ti ń da ará ilé láàmú pẹ̀lú ìbéèrè, wọ́n kúkú sọ ọ́ ní Ìyá Kí-ló-fà-á. Omi ìṣápá pupa ló fẹ́ gbé lọ, kó fi han Madámù bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń mú un pọ́n sí i. Ìṣápá sì ti tán nílé.

Honoré, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó wá kí i, bú sẹ́rìn-ín.

"Écoute, gbọ́ ná, ìyẹ̀fun pupa tí tàtá mi, àbúrò ìyá mi, fi ń ṣe omi dídì aládùn wà nílé. Bù ú sómi, á pọ́n ju ìṣápá lọ."

"Irọ́ kọ́ nìyẹn?"

"Ṣé o ò gbọ́ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà ni?"

Ọkàn Rachidatou kọ̀ ọ́, àmọ́ Àjàṣẹ́ ló ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Ó gba ìyẹ̀fun náà, ó pò ó sínú ìgò. Síbẹ̀, kò lè da omi inú igbá nù. Ó rọ díẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó jù ú sísàlẹ̀ àpò.

Lọ́jọ́ kejì, Madámù Léontine gbé omi pupa náà sókè, ó yìn ín. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Kò yí padà. Ó da omi eérú sí i. Kò yí padà.

"Ọmọ mi, ìṣápá ì bá ti yí àwọ̀ padà. Kí lo gbé fún mi yìí?"

Honoré ti dorí kodò. Ojú ti Rachidatou débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"Ẹ má bínú, Madámù. Ìṣápá kọ́ ni. Ìṣápá gan-an bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Ó mú ìgò kékeré jáde.

Obìnrin náà gbà á, ó gbé e sójú fèrèsé. Ó ti gbàgbé ìbínú.

"Ta ló ní ó bàjẹ́? Omi wo lo rẹ ẹ́ sí?"

"Omi tí mo bá nínú igbá ìyá àgbà mi ní ilé ìdáná."

"Kí nìyá àgbà fẹ́ fi omi ọ̀hún ṣe?"

"Ẹ̀wà ló fẹ́ sè. Háà! Ó ti rẹ káún sínú rẹ̀!"

Madámù fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìgò náà. Ó hó yaya, àwọ̀ ewé náà sì ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀, títí ó fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Kíláàsì pariwo.

"Nígbà tí mo wà lọ́mọdé," ni Madámù wí, "mo bi ìyá mi pé bí a bá fọ ewúro, níbo ni ìkorò rẹ̀ ń lọ? Ó ní ó bá omi lọ. Omi yẹn ni mo ń tẹ̀ lé títí dòní. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n Gracia, ọmọ kíláàsì yín, ni yóò bá mi lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò dán, òótọ́ ni ṣá. Rachidatou, èyí tí o fi pamọ́ sísàlẹ̀ àpò ni ì bá gbé ọ dé Àjàṣẹ́."

Rachidatou sunkún dé ilé. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ fún mi ní káún díẹ̀."

"Ẹ̀wà lo fẹ́ sè?"

"Rárá o. Mo fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣe sí omi ewé ọkà bàbà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ń wádìí ohun kan kò gbọdọ̀ fi ohun tó rí pamọ́ nítorí pé kò rí bó ṣe fẹ́. Lóòótọ́, òtítọ́ a máa kùtà lọ́jà mìíràn. Ní ọjà Madámù Léontine, òun nìkan ni wọ́n ń rà.