Ògiri Tó Gbé Ariwo Mì

Nígbà tí Fuatino kọ́kọ́ rí Pelenato, ẹ̀gbẹ́ ilé yìnyín, níbi tí ẹ̀rọ tó ń sọ omi di yìnyín ti ń kùn tọ̀sán-tòru, ni ọmọkùnrin náà lóṣòó sí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu igò òfìfo, igò ń ké húù, oòrùn sì ń dán léjìká rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi òróró àgbọn pa á.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ọtí tó tán lẹ ń sunkún lé lórí?"

Pelenato rẹ́rìn-ín. "Ohùn ẹ̀rọ yìí ni mò ń wá. Igò tó bá ké bíi tirẹ̀ ló lè gbé e mì."

"Ó dáa o. Ẹ má gbé èmi náà mì ṣá."

Ó ti pẹ́ jù. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Fuatino ti lọ.

Iosua, bàbá Fuatino, ló ń darí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó fara ti ilé yìnyín náà nílùú Apia. Kíkùn ẹ̀rọ yìí ti sú u. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn méjèèjì ń fẹ́ra, ó bú sẹ́rìn-ín ẹ̀gàn.

"Ẹni tó ń fọn igò kiri ni kí n fún lọ́mọ? Kó jẹ́ kí n gbọ́ akọrin mi láìsí ariwo yẹn ná. Ọjọ́ náà ni kí ẹbí ẹ̀ wá."

Pelenato bá fi páìpù ṣe ògiri sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì tó kọjú sí ilé yìnyín. Ikùn páìpù kọ̀ọ̀kan fẹ̀, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Atẹ́gùn ń gba àárín wọn kọjá, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀rọ tó bá kó sí wọn nínú, ibẹ̀ ni yóò ti máa yí títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ó ki páìpù tó kẹ́yìn bọ̀ ọ́ nígbà tí akọrin ń múra orin ọjọ́ Ìsinmi àwọn ọmọdé. Kíkùn náà pa rọ́rọ́. Wọ́n ń gbọ́ ìgbì òkun.

Iosua gbọ́wọ́ sókè. Akọrin lanu. Yéè! Tibí lọ sókè, tọ̀hún já wálẹ̀. Àṣé láti ọjọ́ yìí wá, ara ẹ̀rọ ni gbogbo wọn ti ń mú ohùn, wọn ò sì mọ̀.

"O ti ba akọrin mi jẹ́!" Iosua jágbe. "Tú u!"

Pelenato na ọwọ́ sí páìpù, ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì.

"Fi sílẹ̀, olólùfẹ́ mi," Fuatino wí láàárín àwọn obìnrin akọrin. Nílé, níbi àdúrà ìrọ̀lẹ́ tí kò sí ẹ̀rọ kankan, òun ló máa ń dá orin. Ó dá a. Àwọn àgbà gbà á, àwọn ọmọdé gbé e, orin náà kún ilé.

Ọwọ́ Iosua dúró lófuurufú. Kò tíì gbọ́ wọn báyìí rí. Ó nu ojú.

"Pelenato."

"Bàbá."

"Ìgbà wo làwọn ẹbí ẹ ń bọ̀?"

"Wọ́n wà níta, bàbá. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti gbé ẹní ìdána jókòó sábẹ́ igi."

Fuatino mí kanlẹ̀, ẹkún àti ẹ̀rín sì jọ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.