Gálọ́ọ̀nù Kan Lójú Ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán

Gbogbo ohun tí Elédùmarè dá pé kí ó máa rìn ni ó fún ní ikùn, kò sì sí ikùn tí kì í béèrè. Erin ń rìn, ó ń jẹ igbó. Èèrà ń rìn, ó ń jẹ ẹ̀rúnrún tí ó bọ́ lẹ́nu ọmọdé. A kì í bá erin wí pé ó ń jẹun púpọ̀. Ẹni tí a ń bá wí ni ẹni tí oko rẹ̀ kò ju ti èèrà lọ, tí ó sì lọ so erin mọ́ inú rẹ̀. Ìfẹ́ náà ní ikùn tirẹ̀. Ohun tí ó ń jẹ ni ìtàn yìí yóò sọ, bí ó ti ṣẹlẹ̀ lójú wa ní Ìlọrin, ní ọdún tí iye owó bẹntiróòlù fò sókè bí ẹtu tí ó gbọ́ ìró ìbọn.

Oṣù kẹwàá ọdún 1994 ni. Àwọn ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí ó ti ń da eruku sí wa lójú bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sílé bí arúgbó tí orúnkún ń dùn. Ní oṣù náà gan-an ni Túnmiṣe sọ pé òun fẹ́ ra ọkọ̀.

Tíṣà ìṣirò ni Túnmiṣe, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ilé àwọn òbí rẹ̀ wà ní Adéwọlé, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ń kọ́ni wà ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí ọkọ̀ èrò kì í fẹ́ dé. Ọdún mẹ́rin ni ó fi tọ́jú owó. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ti fẹ̀yìn tì, ní òun yóò fi díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n òun ni yóò yan ọkọ̀.

"Ọmọ mi kò ní fi ìjàpá wọ Ọ̀mù-Àrán lójú ayé mi," ni ó wí. Ìjàpá ni gbogbo wa ń pe ọkọ̀ kékeré nì tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà ní ìdí. "Bí a bá máa ra ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí a ra ọkọ̀!"

Wọ́n lọ sí ọgbà tí Àlàájì Bẹ̀llò ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀, ní ẹ̀bá Ọ̀fà Gàréèjì. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀, ó gùn, ó ń dán bí ewé àgbàdo lẹ́yìn òjò. Bàbá wọ inú rẹ̀, ó fi dígí rẹ̀ tún fìlà ṣe, kò sì fẹ́ jáde mọ́.

"Àlàájì, báwo ni ọkọ̀ yìí ṣe ń mu epo sí?" ni Túnmiṣe béèrè.

"Epo kẹ̀? Tíṣà, ọkọ̀ yìí kì í mu epo. Wàláhì, ńṣe ni ó ń tọ́ ọ wò!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin tí ó ń bá Àlàájì tajà, Jídé ni orúkọ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí Àlàájì lọ bá Bàbá tan rédíò inú ọkọ̀ náà, Túnmiṣe kọjú sí i.

"Ẹ̀yin tí ẹ mú kọ́kọ́rọ́, kí ni ẹ rí nílẹ̀ tí ẹ ń wò?"

"Kò sí o, Àǹtí."

"Ẹ wò mí lójú, kí ẹ tún un sọ."

Jídé gbójú sókè. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé gbogbo irọ́ tí wọ́n kọ́ òun lọ́gbà náà ni òun gbàgbé lójú ẹsẹ̀.

"Bí ó bá ṣe pé àbúrò mi ni ó fẹ́ rà á," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "màá ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí kànga. Ilé iná mẹ́fà ni ó wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ebi sì ń pa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gálọ́ọ̀nù kan kò lè gbé e kọjá Ìdọ̀fìàn."

Etí Àlàájì kò jìnnà tó bí wọ́n ti rò. Kò pariwo. Ó kàn na ọwọ́ sí i.

"Jídé, gbé kọ́kọ́rọ́ wá. Mo gbà ọ́ kí o bá mi pe oníbàárà, o ń bá mi lé wọn. Máa lọ sílé rẹ."

Jídé gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan Túnmiṣe dúró sẹ́bàá títì, ó ń retí ọkọ̀ èrò, nígbà tí ìjàpá aláwọ̀ búlúù kan dúró níwájú rẹ̀. Jídé ni ó ń wà á. Bàbá rẹ̀ tí ó ti dolóògbé ni ó fi í sílẹ̀ fún un, ó sì ti ń fi í ṣe kábúkábú láti Ṣàngó, níbi tí òun àti Àṣàbí ìyá rẹ̀ ń gbé.

"Àǹtí, ẹ wọlé. Ibi yòówù tí ẹ bá ń lọ, ọ̀nà ibẹ̀ ni mo ń lọ."

"Ṣé ẹ kò bínú sí mi ṣá? Èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Ẹ kò gbà á. Ẹ kàn ní kí n wo ojú yín ni. Ojú yín ni ó jẹ̀bi."

Túnmiṣe rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti sọ ibi tí ó ń lọ, inú rẹ̀ sì dùn dé alẹ́.

Láti ọjọ́ náà, Jídé ni ó ń gbé e lọ. Lójú ọ̀nà, ó ń kọ́ ọ bí a ti ń ra ọkọ̀.

"Àárọ̀ kùtù ni kí o lọ wò ó, kí ẹni tí ó ń tà á tó mú un gbóná bo àìsàn mọ́lẹ̀. Fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, kí o gbóòórùn rẹ̀. Bí ọ̀dà ara rẹ̀ bá jẹ́ tuntun níbì kan ṣoṣo, béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Má wo ojú ọkọ̀, wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Túnmiṣe ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ó ń kọ ìrìn ìjàpá náà sí, gálọ́ọ̀nù kan lẹ́yìn èkejì. Ohun kan ṣoṣo ni kò yé e: Jídé kì í jẹ́ kí èrò jókòó sẹ́yìn lápá ọ̀tún. Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ni ó máa ń wà níbẹ̀, bí àwọn èrò tilẹ̀ ń kùn.

Ní oṣù kejìlá, Túnmiṣe pa ìwé náà dé. "Jídé, gbogbo ohun tí mo ti ń ṣírò láyé mi, ìwọ nìkan ni mo rí tí kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀."

Jídé pa ẹ́ńjìnnì. "Túnmiṣe, àyànfẹ́ mi, arẹwà tí ń kọ́ni ní ìṣirò, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ta ni ó tún kù tí n bá fẹ́?"

Ayọ̀ náà ga, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé ní Adéwọlé ni ó ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ.

"Ṣé èyí tí ó jẹun nínú àwo ọ̀gá rẹ̀, tí ó tún tutọ́ sínú rẹ̀?" ni Bàbá wí. "Ó rí ojú obìnrin, ó ba ọjà ọ̀gá rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá rí ojú obìnrin mìíràn lọ́la, ọjà ta ni yóò bà jẹ́? Tìrẹ ni, Túnmiṣe!"

Ọ̀rọ̀ náà dun Túnmiṣe, nítorí pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀.

Àríkẹ́ ìyá rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀ láti ìdí ààrò. "Bàbá Túnmiṣe, ṣé nítorí ọ̀gá rẹ̀ ni, àbí nítorí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí ọkàn yín kò tíì kúrò lára rẹ̀?"

Bàbá wúkọ́. Òótọ́ ni pé ó ti pinnu láti lọ san owó ọkọ̀ náà ní ọjọ́ Sátidé.

"Ó dáa, Bàbá," ni Túnmiṣe wí. "Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí Àlàájì fa tánkì rẹ̀ gbẹ, kí ó bu gálọ́ọ̀nù kan sí i. Kí Jídé bu gálọ́ọ̀nù kan sí ìjàpá. Kí àwọn méjèèjì kọjú sí ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán."

"Bí aláwọ̀ ewé bá kọjá Ìdọ̀fìàn dé Àjàṣẹ́, ọmọkùnrin yẹn kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn mi mọ́, ìwọ náà kò sì gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí."

"Bí kò bá dé ibẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò ní rà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyẹn yóò kàn fi hàn pé ó mọ ọkọ̀ ni. Kò sọ pé ó mọ ìwà hù."

Àlàájì Bẹ̀llò kò kọ̀. Ọkùnrin tí ó gba ọjà rẹ̀ gbọ́ ni. Ní òwúrọ̀ Sátidé, àwọn awakọ̀ Ọ̀fà Gàréèjì pé jọ bí ẹni ń wo ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Wọ́n fi ọ̀pá rọ́bà fa tánkì méjèèjì gbẹ, wọ́n wọn gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo ayé.

"Ìjàpá, má dójú tì wá o!" ni ẹnì kan kígbe.

"Ẹ bá wa kí wọn ní Ọ̀mù-Àrán!" ni Àlàájì dá a lóhùn. Ó fi ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ki eré mọ́lẹ̀, Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ju áńkáṣíìfù funfun sí àwọn èrò lójú fèrèsé.

Kí wọ́n tó dé Gánmọ̀, aláwọ̀ ewé ti pòórá níwájú. Nínú ìjàpá, Túnmiṣe kò lè jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jídé.

"Jídé, tẹ̀ ẹ́!"

"Olólùfẹ́ mi, ẹni tí ó bá ń sáré kì í rí epo ṣẹ́kù. Ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́."

Wọ́n wọ Ìdọ̀fìàn, wọn kò rí aláwọ̀ ewé. Wọ́n kọjá ọjà, wọn kò rí i. Ilé tí ó kẹ́yìn ní Ìdọ̀fìàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sí ohun kankan níwájú bí kò ṣe títì. Túnmiṣe di ọwọ́ aṣọ Jídé mú.

Wọ́n gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, wọ́n sì rí i. Aláwọ̀ ewé dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó ya ẹnu bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Bàbá wà lábẹ́ igi irúgbá, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀.

"Ó ń sinmi díẹ̀ ni," ni Àlàájì wí.

"Àlàájì, òkú ni ẹ ń sọ pé ó ń sinmi yẹn," ni Túnmiṣe dá a lóhùn.

Jídé dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, èmi náà ṣì í díẹ̀. Mo ní kò lè kọjá Ìdọ̀fìàn. Ó ti fi kìlómítà méjì kọjá a."

Àlàájì ní òun kò lè fi ọkọ̀ òun sílẹ̀, ni Bàbá bá wọ ẹ̀yìn ìjàpá.

"Apá òsì, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí àpótí wà ní tirẹ̀."

Ìjàpá tún gbéra. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Bàbá fi fìlà bo ojú bí ẹni tí wọ́n mú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òkúta ìwọ̀n ọ̀nà.

"Àjàṣẹ́ rèé! Túnmiṣe, Àjàṣẹ́ rèé!" Ó ń lu ẹ̀yìn àga. "Máa lọ, ọmọ kékeré! Máa lọ! Má dúró níbí o!" Ó ti gbàgbé ẹ̀yìn ẹni tí òun wà.

Ìjàpá kò dúró. Ó gba Àjàṣẹ́ kọjá, ó yà sí ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán, ó rin ìlọ́po méjì ìrìn aláwọ̀ ewé kí ó tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì dákẹ́. Túnmiṣe kọ iye ìrìn rẹ̀ sínú ìwé.

"Jídé!" ni Bàbá ké. "Tà á fún mi! Túnmiṣe ni yóò máa wà á. Iye tí o bá pè é ni màá san, lójú ọ̀nà yìí!"

Túnmiṣe pàtẹ́wọ́. Bàbá ti pe Jídé lórúkọ! Owó ìgbéyàwó rèé, ojú rere rèé, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yíjú sí àyànfẹ́ rẹ̀, ó sì rí i pé ilẹ̀ ni ó ń wò. Túnmiṣe mọ ìwò yẹn.

"Bàbá, ẹ má rà á."

"Kí ni o wí?"

Jídé sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ kúrò lápá ọ̀tún, ó ká rọ́bà ìtẹ́lẹ̀, ó yọ pákó kan. Ihò kan wà níbẹ̀ tí ó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó rí títì, ó sì rí èèrà kan tí ń gba ibẹ̀ lọ.

"Omi bátìrì ni ó jẹ ẹ́, ìpẹtà sì parí rẹ̀. Mo ń tọ́jú owó alájórin. Títí wọn yóò fi jó o, kò sí ẹni tí mo lè tà á fún."

"O mọ̀ pé bí o bá dákẹ́, mi ò ní rí ihò yìí títí òjò yóò fi dé?"

"Mo mọ̀, sà."

"O sì mọ̀ pé o ń wá ojú rere mi?"

"Mo ń wá a, sà. Ṣùgbọ́n Túnmiṣe ni ẹ ní yóò máa wà á."

Bàbá ṣí fìlà.

"Mo ní ojú obìnrin ni o wò tí o fi ba ọjà ọ̀gá rẹ jẹ́. Nígbà tí o ba ti ara rẹ jẹ́ yìí, ojú ta ni o wò?" Kò dúró de èsì. "Túnmiṣe, sọ fún ìyá rẹ kí ó máa retí àwọn ará ilé Jídé."

Igbe ayọ̀ tí Túnmiṣe ké lé àwọn ewúrẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà wọ igbó.

Jídé ní kẹ́ẹ̀gì epo méjì níwájú ọkọ̀, tí kò fẹ́ ṣí kí ìdíje náà tó parí. Ó bu ọ̀kan fún ìjàpá, ó gbé èkejì padà fún Àlàájì. Nígbà tí Bàbá ròyìn fún un, Àlàájì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

"Jídé! Tìrẹ náà lo tún bà jẹ́? Wàláhì, o kò lè tajà láé! Ṣùgbọ́n bí èmi bá fẹ́ ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìwọ ni màá mú dání."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní Ọ̀mù-Àrán ní oṣù kẹrin ọdún 1995. Alájórin ti dí ihò náà. Ìjàpá ni ìyàwó fi wọ ìlú, bàbá rẹ̀ ni ó sì jókòó níwájú. Túnmiṣe ra ọkọ̀ kékeré funfun kan lẹ́yìn tí òun àti Jídé ti yẹ márùn-ún wò, tí wọ́n sì kọ̀ láti rà wọ́n. Òun náà ni ó ṣì fi ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ ní ọdún 1999. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta, Àṣàbí ìyá Jídé sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Àríkẹ́ fi ìjàpá kọ́ ọkọ̀ wíwà lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Jídé kò ta ọkọ̀ mọ́. Ó ń bá àwọn tí ó fẹ́ rà á yẹ̀ ẹ́ wò, Àlàájì Bẹ̀llò ni ó sì kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún un. Agbaṣẹ́ṣe kan ra aláwọ̀ ewé, ó dá a padà kí oṣù mẹ́ta tó pé. Nígbà tí mo rí i kẹ́yìn, adìyẹ kan ń sàba lórí àga rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́ kú ní ọdún 1998. Títí ó fi kú, kò wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ká rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ wò.