Ìyá Tí Salome Ń Kí Lẹ́yìn Ilé

Àádùn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura sí Salome. Ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan ni, ó ti ilé ìwé dé, báàgì wà léjìká rẹ̀, ó sì mú àádùn méjì tí wọ́n pọ́n sínú ewé dání. Èmi tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ní Surulere, mi ò rántí ìgbà tí mo fi àádùn kan ẹnu gbẹ̀yìn. Níbo ni òyìnbó ti rí i? Mo na ọwọ́ pé kó fún mi jẹ níbẹ̀, ó sì fà á sẹ́yìn.

"Má bínú, Fadilah. Kì í ṣe tèmi. Wọ́n rán mi ni."

Mo rò pé Mọ́mì ló rán an, mi ò sì bèèrè mọ́. Tí mo bá bèèrè lọ́jọ́ náà ni, bóyá ọ̀rọ̀ yìí ì bá má dé ibi tó dé.

Amẹ́ríkà ni Salome ti wá, láti ìlú kan tí yìnyín máa ń bo ilẹ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin lọ́dún. Ilé ìwé rẹ̀ ló rán an wá kọ́ Yorùbá fún sáà kan ní Yaba, wọ́n sì ń wá ìdílé tí yóò máa bá gbé, tí wọn ò ní máa fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀. Mọ́mì mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Fadilah Télọ̀, ní kí wọ́n mú un wá sílé wa. Láti ìgbà tí Màmá Àgbà, ìyá tó bí Mọ́mì, ti kú, àwa méjì péré la ń gbé ilé yìí. Yàrá kan ṣófo, Mọ́mì ò sì fẹ́ràn yàrá tó bá ṣófo.

Lọ́jọ́ tí Salome dé, Mọ́mì mú un jókòó bí ìyàwó tuntun, wọ́n sọ bí a ṣe ń gbé fún un. "Ẹnikẹ́ni tí o bá bá nínú ilé yìí tó bá ti jù ẹ́ lọ, kúnlẹ̀ kí i. Má bèèrè orúkọ àgbà lọ́wọ́ àgbà o, kò dáa. Bí àgbà bá sì rán ẹ níṣẹ́, tètè jẹ́ ẹ. Ṣó yé ẹ?"

Ó yé e ju bó ṣe yẹ lọ. Ó kúnlẹ̀ fún àlùfáà mọ́sálásí wa, ó kúnlẹ̀ fún ìyá oníbúrẹ́dì, ó kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tó wá ka mítà iná, bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, mo ní orúnkún rẹ̀ á ti le bíi ti ràkúnmí kó tó padà sílé. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á tún kúnlẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àádùn yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Lójoojúmọ́ tó bá ti dé, kó tó bọ́ bàtà, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà lọ. Kí ló wà níbẹ̀? Kànga kan tí a ti dé pa, igi mángòrò kan, àti àpótí Màmá Àgbà tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Nígbà tó wọlé tán, mo yọ́ lọ síbẹ̀. Mo bá ewé àádùn lórí ìdérí kànga. Wọ́n ti jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ tán, wọ́n ká ewé náà sí mẹ́rin, wọ́n sì fi òkúta kékeré tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo dúró wò ó pẹ́. Mo mọ ẹnì kan tó máa ń ká ewé báyẹn. Mo sọ fún ara mi pé ewé lásán ni, mo sì wọlé lọ gbóúnjẹ kaná.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀kànmí, pè mí lórí fóònù.

"Àǹtí Fadilah, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sọ Ìjẹ̀bú nílé yín? Salome ń da Ìjẹ̀bú bò wá ní kíláàsì. Ìjẹ̀bú àwọn àgbàlagbà gan-an, òmíràn ò yé èmi alára."

Mo ní kò sí. Òótọ́ sì ni. Surulere ni wọ́n ti bí Mọ́mì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí mi, Ìjẹ̀bú tí a gbọ́ ò ju èyí tí a lè fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń sọ ọ́ nílé wa, ó sì ti pé ọdún mẹ́jọ tí a ti sin ín.

Bí Salome ṣe dé lọ́jọ́ náà, mo fà á wọ yàrá, mo rọra ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló ń kọ́ ẹ ní Ìjẹ̀bú?"

"Màmá ẹ̀yìn ilé ni."

"Màmá wo?"

Ó wò mí bíi pé mò ń dán an wò. "Àwọn tó máa ń jókòó lórí àpótí nídìí kànga. Mo máa ń kí wọn tí mo bá dé. Ṣé kì í ṣe ìyá Mọ́mì ni?"

"Wọ́n sọ orúkọ wọn fún ẹ ni?"

"Mi ò bèèrè. Mọ́mì ní kò dáa."

"Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

"Wọ́n kéré. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Etí wọn òsì ya, níbi tó yẹ kí yẹtí wà."

Èmi ni mo fa yẹtí ya mọ́ Màmá Àgbà létí nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ. Kò sí fọ́tò kankan nílé wa tó fi etí náà hàn, nítorí ìborùn ni wọ́n fi máa ń bò ó bí wọ́n bá ti gbúròó oníkámẹ́rà.

Ó yẹ kí n sá. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ó wù mí láti mọ̀ ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kí Salome tó dé, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú àpótí náà. Mo ní, "Màmá Àgbà, ẹ káàsán mà." Aláǹgbá kan mi orí lára ògiri. Òórùn kànáfùrù tí wọ́n máa ń jẹ nígbà ayé wọn fẹ́ wá, ó sì fẹ́ lọ, kò sóhùn ẹnì kankan. Ó dùn mí, mi ò ní tan yín. Àlejò ni wọ́n ń bá ṣeré, ọmọ ọmọ wọn ni wọn ò dá lóhùn.

Mi ò jẹ́ kí Salome mọ̀ pé wọ́n ti kú, mi ò sì sọ fún Mọ́mì náà, nítorí mo mọ ohun tó wà láàárín Mọ́mì àti ìyá wọn. Ọ̀sán kan ni lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, ó ku ọ̀la ká túnu ààwẹ̀, aṣọ ọdún oníbàárà kún ilẹ̀. Màmá Àgbà pe Mọ́mì láti ẹ̀yìn ilé: "Làbákẹ́!" Mọ́mì ní, "Mò ń bọ̀ mà!" wọ́n sì ń ránṣọ lọ. Màmá Àgbà pè wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pè wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. "Mò ń bọ̀ mà!" Ìgbà tí Mọ́mì fi máa dé ibẹ̀, ìyá wọn ti fẹ̀yìn ti igi mángòrò lórí àpótí, wọ́n ti kú. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò jẹ́ pe Mọ́mì ní Làbákẹ́ mọ́. Wọn ò gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Sáà Salome ku ọ̀sẹ̀ kan kó parí. Mọ́mì wà nídìí maṣíìnì, téèpù wà lọ́rùn wọn, èmi ń já bọ́tìnì. Salome gba ẹ̀yìn ilé wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, Màmá ní kí n wá pè yín. Wọ́n ní, 'Lọ bá mi pe Làbákẹ́.'"

"Mò ń bọ̀ mà!"

Bí Mọ́mì ṣe dáhùn nìyẹn, maṣíìnì ò tíì dúró. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí a bá tọ́ dáadáa nílé Yorùbá, bí wọ́n bá ti ní àgbà ń pè é, ẹnu rẹ̀ ti jẹ́ kí orí rẹ̀ tó bèèrè pé ta ni. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ wọn dúró lórí maṣíìnì. Ọmọdé pàápá mọ̀ pé bí òkú bá pe èèyàn, a kì í jẹ́. Mọ́mì ti jẹ́.

Wọ́n bọ́ téèpù lọ́rùn, wọ́n ká a jẹ́jẹ́, wọ́n fi lélẹ̀. Mo ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Fadilah, kúrò lọ́nà."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

"Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti ní mò ń bọ̀."

"Ta lẹ wá fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún?"

Wọn ò bínú, wọn ò sunkún, ojú wọn kàn wà lẹ́yìn mi, lọ́nà ẹ̀yìn ilé. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Salome wo Mọ́mì, ó wò mí, mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e, ètè rẹ̀ funfun. Ó dìde, ó gba abẹ́ apá mi kọjá, ó padà síbẹ̀.

Ojú fèrèsé la ti ń wò ó. Ó kúnlẹ̀ lórí eruku níwájú àpótí tó ṣófo, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bó ṣe rí i tí èmi máa ń ṣe fún Mọ́mì tí mo bá ṣẹ̀ wọ́n. Ó bẹ̀bẹ̀ pẹ́. Ojú máa ń ti àgbà láti kọ ẹ̀bẹ̀ àlejò, òun nìkan ni mo gbójú lé. Nígbà tó yá, àpótí náà dún kẹ́ẹ́, bó ṣe máa ń dún tí èèyàn bá dìde lórí rẹ̀. Mọ́mì fún ọwọ́ mi mọ́wọ́ débi pé ó dùn mí.

Salome wọlé. "Wọ́n ti gbà. Wọ́n ní àwọn ò bínú sí yín rárá, Mọ́mì. Wọ́n ní ẹ yéé sunkún."

Mọ́mì jókòó sílẹ̀, wọ́n wá sunkún náà dáadáa. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń kọrin nídìí maṣíìnì, ohun tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé girama.

Ọjọ́ tí Salome ń lọ, bí dírẹ́bà ṣe ń kó ẹrù rẹ̀ sí bútù, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò sọ gbogbo rẹ̀ tán fún Mọ́mì. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì mú Mọ́mì lọ, kí wọ́n ṣe sùúrù. Wọ́n bi mí pé títí dìgbà wo. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, Fadilah. Mo ní, 'Títí dìgbà tí mo bá padà wá.' Wọ́n ní kò burú."

Mo dì mọ́ ọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n. Mo sọ ọ́ sí i létí pé, "Má padà wá mọ́." Ó ní òun ò ní padà.

Ó ti pé ọdún kan ààbọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí a bá pè é lórí fóònù ni Mọ́mì máa ń bi í ìgbà tó ń bọ̀, Salome á sì wá àwáwí kan. Àárọ̀ òní ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé sórí fóònù mi.

"Fadilah, mo bá ewé kan lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Wọ́n ká a sí mẹ́rin, òkúta kékeré wà lórí rẹ̀. Yìnyín ń já bọ́ níbí, kò sí ewé lórí igi kankan. Kí ni kí n ṣe?"

Mo kọ èsì, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ òmíràn, mo tún pa á rẹ́. Ọ̀sán ti pọ́n kí Mọ́mì tó gba ẹ̀yìn ilé wọlé, eruku wà lára ìró wọn, ara wọn ń ta sánsán kànáfùrù. Mọ́mì kì í jẹ kànáfùrù.

"Ṣé Salome nìyẹn? Gbé e wá." Kí n tó pa fóònù dé, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ ibi tí a ti ń gbohùn sílẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i.

"Salome, ọmọ mi, máa bọ̀ o. Gbogbo wa là ń retí ẹ."

Wọ́n gbé ìka kúrò, ohùn náà sì ti lọ bá Salome. Àwa méjì péré la ń gbé ilé yìí.