Ọmọbìnrin Ara Ògiri

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìyàwó ayàwòrán wọ gbọ̀ngàn ìdájọ́, ogun ṣì dó ti ìlú, ebi sì ti mú kí aṣọ àrán tóbi ju àwọn ìjòyè lọ. Wọ́n ní obìnrin náà sọ omi kalẹ̀ láti orí odi fún ọmọ ogun ọ̀tá. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ààfin kì í wá ẹlẹ́rìí mọ́, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ya àwòrán sára ògiri gbọ̀ngàn: ọmọbìnrin kékeré kan tó kọ ẹ̀yìn síni, tó ń wo ọ̀nà. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ á dákẹ́, ọkàn rẹ̀ á sì rìn jìnnà. Ọba rí i pé àwọn kan ń sunkún níbẹ̀, ló bá sọ ọ́ di òfin: ẹni tí omi bá bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rí ọkàn ló mú un. Wọn á tà á fún àwọn oníṣòwò ẹrú.

Ọkọ kò fòyà púpọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ wọn kan ṣoṣo.

"Ṣáà gbójú sílẹ̀," ó sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló wà níbẹ̀ gan-an, baálé mi?" Obìnrin kì í wọ ibẹ̀ àfi tó bá ní ẹjọ́.

"Àwòrán lásán ni."

Ojú ló ń tì í. Ọmọ wọn tó kú ló yà láti fi wá ojúrere ọba.

Obìnrin náà gbójú sílẹ̀ títí ẹ̀ṣọ́ kan fi gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Ó rí irun tí òun fúnra rẹ̀ dì, tí apá kan gùn ju ìkejì lọ. Ó rí àpá iná lẹ́yìn ọrùn. Ó na ọwọ́ kan àpá náà.

"Ìyá mi, ọmọ mi, ṣé ibí lo wà?" Omijé dà wàràwàrà sórí ọwọ́ rẹ̀.

Ayàwòrán dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ọmọ wa tó kú ni. Ìyá rẹ̀ ló rí i."

Ọba rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Gbogbo ẹni tó sunkún níbẹ̀ ló ń sọ pé ọmọ òun ni. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ nìyẹn."

Wọ́n so obìnrin náà mọ́ àwọn yòókù tí omijé ti dá lẹ́bi. Kò wo ọkọ rẹ̀ rárá. Àwòrán ló ń wò títí wọ́n fi fà á jáde.

Ọba ní kí ayàwòrán tún ibi tí ọwọ́ obìnrin náà tí omijé rin ti pa ọ̀dà rẹ́ ṣe, nítorí ẹjọ́ mìíràn wà lọ́la. Ó sì tún un ṣe.