Ibi Tí Wọ́n Sin Sàlísù Sí

"Ẹni tí ìyà ń jẹ, àwọn Òyìnbó a ní ó ń gbé oògùn kíkorò mì," ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí fún Akua, bí wọ́n ti ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ní Asawase, àdúgbò kan ní Gánà. "Bí ìyà ọ̀hún bá wá bí òmíràn, wọn a ní ó ti inú páànù tí wọ́n fi ń dín nǹkan bọ́ sínú iná. Gẹ̀ẹ́sì yìí mà dùn o!"

"Ei, Wúlẹ̀mọ̀tù!" Akua fi Twi, èdè àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyà wo ló jẹ ọ́ rí? Nínú ìdíje àròkọ lórí ìyà yìí, ẹni tí tirẹ̀ bá pa tíṣà lẹ́kún ni yóò gba ẹ̀bùn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Wúlẹ̀mọ̀tù lára. Ìyà kan wà tí ó lè kọ. Nígbà tí Sàlísù àbúrò rẹ̀ kú, ó yọ́ tẹ̀lé àwọn ọkùnrin tí ó lọ sin ín. Bàbá Bákàrè, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ká a mọ́ ẹ̀yìn igi.

"Ojú rẹ ti rí i, ẹnu rẹ kò gbọdọ̀ sọ ọ́," ni bàbá náà wí. "Abiyamọ kì í mọ oórì ọmọ rẹ̀. Bí ìyá rẹ bá mọ ibí yìí, kò ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́."

"Màámi kò kúkú gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì," ni Wúlẹ̀mọ̀tù fi tu ara rẹ̀ nínú. Ó kọ oògùn kíkorò, ó kọ páànù àti iná, ó sì kọ igi máńgòrò etí odò, èyí tí àrá ti la ẹ̀ka rẹ̀, tí Sàlísù sùn sí abẹ́ rẹ̀.

Ó gbégbá orókè. Ní ọjọ́ ìpàdé àwọn òbí, ní ọdún tí Gánà gba òmìnira, ìyá rẹ̀ ti ìsọ̀ abọ́ tánganran rẹ̀ ní Krofrom, ó ró aṣọ tuntun wá. Bí Wúlẹ̀mọ̀tù ti ka àròkọ rẹ̀ tán ní Gẹ̀ẹ́sì, àtẹ́wọ́ sọ.

Tíṣà dìde. Nítorí àwọn òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ àròkọ náà sí Twi, èdè tí ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù ti ń fi tajà láti ìgbà èwe rẹ̀. Oògùn kíkorò kò ṣeé túmọ̀. Tíṣà fò ó. Ó fo páànù, ó fo iná. Igi máńgòrò nìkan ni kò fò.

Ẹ̀rín kú lójú ìyá náà.  Ó ká ìborùn rẹ̀, ó sì jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́, Wúlẹ̀mọ̀tù kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n títí di òní, n kò mọ ibi tí Sàlísù wà, ìyẹn ni mo fi ń rí i níbi gbogbo. Abẹ́ igi kan ṣoṣo ni ó wà báyìí."

Láti ọjọ́ náà, eruku ni ó ń bo àwọn abọ́ ní Krofrom. Wúlẹ̀mọ̀tù kò ṣí ìwé tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ rárá. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde, etí odò ni ó ń gbà lọ, láti fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ wálé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ, èdè yòówù tí ìbáà jẹ́. Ìbànújẹ́ ẹlòmíràn kì í ṣe aṣọ tí à ń yá wọ lọ sóde.