Ẹsẹ̀ Ọ̀gá àti Awọ Tí Bàbá Mi Gé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ni páànù ya kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wa lẹ́sẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Wọ́n to páànù àlòkù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níwájú ilé kan tí wọ́n ń tún kọ́, kẹ̀kẹ́ omi wa sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Atẹ́gùn gbé páànù kan, ó já lu ojúgun ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì rẹ̀. Awọ ibẹ̀ bó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó wá ń rọ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ti já.

Ọ̀gá là ń pe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà. Ìyá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló máa ń pinnu ìgbà tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa parí. Tó bá dúró, kò sẹ́ni tó lè tì í. Ọdún mẹ́jọ ló fi ń fa omi pẹ̀lú ìyá mi, kẹ́ẹ̀gì méjìlá lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, lọ sí àwọn ilé tí omi ẹ̀rọ kò dé. Omi yẹn la fi ń jẹun, òun ló sì rán èmi àti àbúrò mi níléèwé.

Ìyá mi tú ìborí rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ náà, a sì rọra dà á wálé.

Bàbá mi wà nínú yàrá iwájú níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ awọ. Báàgì, bẹ́líìtì, bàtà àti ìjánu ẹṣin ló ń ṣe. Àwọn tó ra báàgì rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà níléèwé, ọmọ wọn ló ń gbé e báyìí. Bàbá Aláwọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá, ó wo ẹsẹ̀ náà títí.

"Kò le," ló wí. "Etí awọ tó bá ti ya jágajàga báyìí, gígé ni. Tá a bá fi í sílẹ̀, ńṣe lá máa ya lọ. Ẹ bá mi mú ọ̀bẹ wá."

"Ṣé kò yẹ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko?" ni mo bi í.

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ọdún mọ́kànlélógójì rèé tí mo ti ń gé awọ. Dókítà wo ló fẹ́ wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé e?"

"Ọ̀gá kì í ṣe báàgì o," ni ìyá mi wí.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe báàgì. Báàgì kì í ta èèyàn nípàá. Ẹ di orí rẹ̀ mú."

Ó da omi gbígbóná sí ọ̀bẹ rẹ̀, ó nù ún, ó sì gé awọ tó ń rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó lè gé e dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Etí rẹ̀ dán bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà fà á. Ó fi aṣọ mímọ́ di ojú ọgbẹ́, ó ju awọ náà sínú apẹ̀rẹ̀ àkékù lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀, ó sì dìde.

"Ẹ wo bó ṣe mọ́," ló wí.

Ó mọ́ lóòótọ́. Èmi ni mo di orí Ọ̀gá mú.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ọgbẹ́ náà ti ń rùn. Awọ tó kù ti fà sẹ́yìn, ojú ọgbẹ́ ti tóbi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, egungun sì yọjú funfun níbì kan. Ọ̀gá kò jẹ koríko tá a gbé síwájú rẹ̀.

Mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì ọ̀nà gbọ́, ó gbé agolo epo dúdú wá, epo tó tú lára ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá Aláwọ, ẹ fi èyí pa á. Eṣinṣin ò ní bà lé e mọ́. Tó bá di ọ̀la, ẹ ó rí i."

Ìyá mi dí i lọ́nà. "Ṣé mọ́tò ni Ọ̀gá?"

"Ìyá, kí ló fi yàtọ̀? Ṣebí ẹrù làwọn méjèèjì ń gbé."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tí inú bá run ọ́, màá gbé agolo epo fún ọ mu. O ò ní bínú?"

Mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti gbọ́, ìyá. Ẹ jẹ́ n lọ gbé ọkọ̀ wá, ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko."

Nínú ohun méjì tó gbé wá lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ yẹn ló wúlò.

Ilé ìwòsàn ẹranko náà wà lẹ́yìn iléèwé gíga kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹranko, wọ́n sì tún ń ṣe ìwádìí lórí bí ara tó ti ya ṣe lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì tó rọra dà sí ọ̀nà omi, wọ́n tẹ́ rọ́bà síbi tí ẹranko máa dúró, gbogbo rẹ̀ sì ń ta sánsán ọṣẹ. Dókítà tó jáde wá jẹ́ obìnrin kúkurú tó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn. Ó tú aṣọ ẹsẹ̀ Ọ̀gá, ó wò ó, ó sì gbójú sókè.

"Awọ ibí yìí ńkọ́?"

"Mo gé e," ni bàbá mi wí.

"Níbo ló wà?"

"Ó wà nílé, nínú apẹ̀rẹ̀ àkékù. Mo lè sáré lọ mú un wá. Kò ní pẹ́ tí màá fi dé."

Dókítà mirí. "Bàbá, ó ti kú. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gé e, ó ṣì wà láàyè. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń gba ibi tó ti so mọ́ ara wọ inú rẹ̀. Ká ní ẹ fi omi fọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ dá a padà sójú ọgbẹ́, tẹ́ ẹ sì gbé e wá lọ́jọ́ náà, à bá rán an. Ká tiẹ̀ ní apá kan nínú rẹ̀ kú lẹ́yìn náà, ìyókù ì bá bo egungun yìí. N kò ní báńdéèjì kankan níbí tó dára tó awọ yẹn."

Bàbá mi wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. N kò rí i kó wò wọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

"Ṣé ó máa kú, dókítà?" ni ìyá mi bèèrè.

"Tí àrùn bá wọ oríkèé rẹ̀, kò sí ohun tá a lè ṣe mọ́ ju ká má jẹ́ kó jẹ̀rora. Kò tíì wọ̀ ọ́. N ò ní ṣèlérí fún yín o, ìyá. Ṣùgbọ́n a máa ṣiṣẹ́."

Wọ́n fún Ọ̀gá ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n ha gbogbo ibi tó ti jẹrà kúrò. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn rẹ̀ sínú ìgò kéékèèké, wọ́n sì gbé e sínú ẹ̀rọ kan tó ń yí fìrìfìrì. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dúró, ẹ̀jẹ̀ náà ti pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: pupa nísàlẹ̀, omi pupa rẹ́súrẹ́sú bí oyin lókè. Wọ́n mú nínú tòkè, wọ́n jẹ́ kó dì, wọ́n sì tẹ́ ẹ sójú ọgbẹ́.

"Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà ni ohun tó ń tún ara ṣe wà," ni dókítà wí. "Àwa kàn kó o jọ, a gbé e síbi tí iṣẹ́ wà ni."

Mo sọ fún un pé ọkùnrin kan ń kiri abẹ́rẹ́ ní ibùdókọ̀, ó ní ó ń mú ẹran ara hù lọ́jọ́ mẹ́ta.

"Bi í léèrè ẹranko tó fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Bi í níbi tó ti ṣe é, àti ẹni tó yẹ ọgbẹ́ wò kó tó tà á. Tí kò bá lè dáhùn, omi ló wà nínú ìgò yẹn, tàbí ohun tó burú ju omi lọ. Àwa tá a ń ṣe é níbí gan-an kò tíì mọ gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń wọn ọgbẹ́ yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tá a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọ̀gá wà lọ́dọ̀ wọn. Èmi àti ìyá mi wá ń fa kẹ̀kẹ́ omi. Kẹ́ẹ̀gì méjìlá ni Ọ̀gá ń fà; àwa méjèèjì ò lè fà ju mẹ́rin lọ. Ọwọ́ mi bó lọ́jọ́ kẹta, ó tún bó lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ìyá mi kò ráhùn. Lọ́jọ́ kan ṣá, a dúró mí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ó sì wí pé, "Mo ti wá mọ ìdí tí ìyẹn fi máa ń dúró. Èmi ni mò ń pè é ní ọ̀lẹ."

Lọ́jọ́ keje oṣù kẹrin, ẹran pupa ti bo egungun náà. Dókítà ní àkókò tó láti gbin awọ. Wọ́n bu awọ ní ìwọ̀n wóró àgbàdo láyà Ọ̀gá, ogójì, wọ́n sì fi wọ́n bọ inú ẹran pupa náà ní ìlà ìlà. Lẹ́yìn ọjọ́ méje tí wọ́n ṣí i wò, mọ́kànlá péré ló kù. Gbogbo ìgbà tí Ọ̀gá bá ká ẹsẹ̀ ni báńdéèjì ń yọ̀ wálẹ̀, tó sì ń ha wọn dànù.

"Ohun tó ń dá wa lágara níbí nìyí," ni dókítà wí. "Kì í ṣe lára tiyín nìkan. Iṣẹ́ inú yàrá yẹn á yọrí, báńdéèjì á wá bà á jẹ́."

Láti ọjọ́ tá a ti ń lọ síbẹ̀, bàbá mi kì í sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń dúró sí. Lọ́jọ́ náà, ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ jẹ́ n wọn ẹsẹ̀ náà," ló wí.

Bàtà gígùn kan ló ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátákò, tó sì kọjá oríkèé. Èyí àkọ́kọ́ le jù, Ọ̀gá kọ̀, kò fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ìkejì rọ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀gá yí ọrùn padà, ó sì jẹ okùn rẹ̀ tán.

"Ó jẹ ẹ́?" ni dókítà bèèrè.

"Ó ń sọ fún mi pé kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kí okùn wà," ni bàbá mi dáhùn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tá a máa rí dókítà kó rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ìkẹta ń gba òógùn sínú. Ìkẹrin ló bọ́ sí i: awọ tó rọ̀, òwú nínú, ihò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, bàbá sì ṣẹ́ ẹ po ní ìpele ìpele síbi oríkèé kó lè máa ká, kó máa nà. Okùn rẹ̀ wà lẹ́yìn, níbi tí ẹnu Ọ̀gá kò dé.

Wọ́n tún gbin ogójì lọ́jọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, dókítà tú bàtà náà, ó ka àwọn awọ tó kù, ó tún wọn kà. Ó wá sún sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ wá kà á fúnra yín."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó ń na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn wọ́n. "Mẹ́rìndínlógójì," ló wí.

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa ṣe irú bàtà yìí mẹ́fà sí i," ni dókítà wí. "Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ wá ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi."

Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹfà, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá dúró yí bàbá mi ká pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bàtà ló kọ́kọ́ mú jáde nínú báàgì. Awọ tó gé lẹ́sẹ̀ Ọ̀gá ni. Ó ti gbẹ, ó le bíi pákó.

"Kí n tó fi bàtà hàn yín, ẹ wo èyí," ló wí. "Ọwọ́ mi ló gé e. Ẹ wo etí rẹ̀, ẹ ò ní rí àléébù kankan níbẹ̀. Bí mo ṣe gé e dára. Pé mo gé e rárá ni kò dára. Mo rò pé ohun tí mo mọ̀ nípa awọ tó ti kú ló máa ṣiṣẹ́ fún èyí tó wà láàyè. Ó yẹ kí n béèrè. Ọmọ mi sọ fún mi, n kò gbọ́."

Gbogbo wọn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá mú bàtà jáde, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko.

Ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí. "Ṣé bàbá yín náà nìyẹn?"

"Òun ni, mà."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà nínú rẹ̀, ó sì ń fi 'hẹ̀n' dá mi lóhùn nílé." Ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lára rẹ̀ títí tó fi parí, ó sì tún ìborí rẹ̀ wé dáadáa bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

Bàtà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ báyìí. Ẹṣin méjì àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mẹ́ta ti wọ̀ wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹranko nílé, tí awọ rẹ̀ bá ya tó ń rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé e, bó ti wù kó rí jágajàga tó. Ẹ fi omi mímọ́ tí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí ṣan án, ẹ rọra dá awọ náà padà sójú ọgbẹ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í, kẹ́ ẹ sì gbé ẹranko náà lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má pa epo ẹ́ńjìnnì, eérú tàbí omi bátìrì sí ọgbẹ́. Oògùn tó ń mú ara tún ara rẹ̀ ṣe wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà ló wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń kiri ìgò. Iṣẹ́ ọwọ́ yín, bó ti wù kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n tó, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà bó ṣe lè wúlò. Ó lè wúlò gan-an.

Ọ̀gá padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù keje, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún. Ó máa ń tiro díẹ̀ láàárọ̀. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ ló ń fà báyìí, kì í ṣe méjìlá. Irun kò hù lójú àpá náà. Awọ tí bàbá mi gé, tó fa gbogbo èyí, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ, kò sì fẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ.