Ògiri Àtíòro

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó kọ́kọ́ gbóòórùn ọwọ́ mi. Apá ọṣẹ ò ká a. Kì í ṣe àgbọ́sọ. Ojú mi ló ṣe.

Ẹyẹ ni ọkọ àbúrò mi ń sìn tà. Àtíòro ló fẹ́ràn jù: ọrùn pupa, ọ̀fun aláró, àgógó ńlá tó pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Ẹyẹ inú igbó ni, ihò igi ló ń yé sí, nítorí náà ọkọ rẹ̀ gbẹ́ ihò sínú ìtì igi kan fún tọkọtaya àtíòro kan sẹ́yìnkùlé. Bí abo bá fẹ́ yé, á wọ inú ihò, á fi ìgbẹ́ ara rẹ̀ mọ ẹnu ọ̀nà pa. Ojú tóóró kan ló ń ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ ni akọ á ti máa pọ èso sí i lẹ́nu. Ìyẹ́ abo á sì máa re nínú òkùnkùn yẹn. Àwọn tó ń sin ẹyẹ kì í fọ́ ògiri náà.

Àbúrò mi kórìíra ìdọ̀tí. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń fọ ọṣẹ kó tó fi wẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò, òórùn náà sú u. Ó fi ọ̀bẹ ha ògiri náà kúrò, ó fọ ihò mọ́ tónítóní. Abo fò lọ. Àwọn ẹyin tutù.

Láti ìgbà náà ni akọ ti ń wá sójú fèrèsé àbúrò mi, á pọ èso síbẹ̀, á máa wò ó. Àbúrò mi kọ́kọ́ ń fi omi gbígbóná fọ fèrèsé náà. Nígbà tó yá, kò fọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, ó ní kí n wá mú àbúrò mi lọ sílé wa.

Ọ̀sán ni mo débẹ̀. Ilé dákẹ́. Ògiri ti dí ẹnu ọ̀nà yàrá àbúrò mi láti inú, eṣinṣin bò ó. Mo ti fọwọ́ kàn án kí n tó mọ ohun tó jẹ́. Mo bì sórí bàtà mi. Mo yọjú níbi tóóró tó kù: gbogbo irun àbúrò mi ti re sílẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ na òòlù sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fọ́ ọ. Ọwọ́ mi ò gbé e.”

Mo gbé e sókè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fọ́ ọ,” ni àbúrò mi wí látinú, wọ́ọ́rọ́wọ́. “Èmi fọ́ ti ẹyẹ yẹn níjọ́sí.”

Mo bi í pé ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn àbúrò mi, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nǹkan kan ń sán, bí èèpo ẹyin.

Mo gbé òòlù sílẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ọkọ rẹ̀ pè mí. Ó ní akọ àtíòro náà ti kú. Ó bi mí léèrè èso tí àbúrò mi fẹ́ràn jù, mo ní ìbẹ́pẹ ni. Ó ní òun ti fún un, kò gbà á. Àfi kí ẹnì kan kọ́kọ́ gbé e mì.

Mo ti ra ìbẹ́pẹ. Ó wà níwájú mi báyìí, mo sì ti bó o.